Ọkọ̀ Tí Kì Í Dúró Lọ́nà

Ọdún mẹ́fà gbáko ni ọkọ̀ Sàníù fi ń gun ìṣó, tó ń gun àfọ́kù ìgò, tí kò sì dúró lọ́nà rí. Òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ níléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn lẹ́bàá Moniya ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílùú wọn lọ́dún 1988. Táyà rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ táyà: bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tilẹ̀ jò tán, èèyàn á rọra máa wà á lọ títí yóò fi délé. Nítorí náà ni kò fi ní táyà karùn-ún nínú búùtù, kò sì ní jáàkì.

Ní Abà Lìádì, ní ìkọjá Olódò, Kìídúró ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Bàbá Lìádì tó bí Sàníù ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá bọ́ sílé, kí ó tó mu omi tán, yóò ti gbọ́ nípa ọjọ́ tí Sàníù fi táyà jíjò wá láti Moniya, tó jẹ iṣu, tó sì tún fi padà.

Ṣùgbọ́n kí ni kì í gbó láyé? Lọ́dún 1994 táyà òyìnbó gbó, gbogbo Ìbàdàn ò sì ní irú rẹ̀. Elijah fọkanáísà ní Moniya tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi tòkunbọ̀ lásán sí i.

“Ẹ̀gbọ́n, eléyìí kì í ṣe ti òyìnbó o,” ló wí. “Bó bá ti jò, ẹ dúró ni. Ẹ wá táyà karùn-ún sí búùtù, kẹ́ ẹ sì wá jáàkì.”

Sàníù ní òun gbọ́. Kò wá a. Inú búùtù yẹn ni àwọn ará abà máa ń bá a di iṣu sí. Bí wọ́n bá rí táyà níbẹ̀, kí ni yóò wí fún Bàbá? Ẹni tó ti ń jẹ́ ọlọ́kọ̀ Kìídúró ò fẹ́ padà di ọlọ́kọ̀ bíi ti gbogbo ayé. Ìtìjú kékeré ni, irú èyí tí ẹ̀yin náà ní. Ó gbé e mì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, awakọ̀ lọ́rì akópákó kan tó ń bọ̀ láti abà wá bá a lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́.

“Bàbá yín ò lè tọ̀ láti àná,” ó ní. “Abẹ́ ìdodo wọn ti wú. Mo ní kí n gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kí làwọn ń fi lọ́rì pákó ṣe, pé ẹ ó wá gbé àwọn, ọkọ̀ tiyín kì í dúró lọ́nà.”

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Sàníù ò tilẹ̀ tó oṣù kan. Lọ́rì pákó ti bá tirẹ̀ lọ, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tó tún máa wọ Abà Lìádì, àfi lọ́jọ́ ọjà, ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ó kó sínú ọkọ̀, ó kọjá Olódò bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ó ku bíi máìlì mẹ́rin nígbà tó gbọ́ tí táyà iwájú ń lu ilẹ̀ gbì, gbì, gbì. Kò gbẹ́sẹ̀ sókè. Ọdún mẹ́fà ló ti kọ́ ẹsẹ̀ yẹn pé bí táyà bá jò, máa rọra lọ. Kí ó tó rántí Elijah, ó ti rìn jìnnà. Nígbà tó sì rántí, ó ní, “Yá Allāhù, jẹ́ kó gbé mi dé ọ̀hún,” ó tún ń lọ. Òórùn rọ́bà tó ń jó dé. Táyà fà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, irin wíìlì ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni ń kọ ebè, ọkọ̀ sì yà bàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan, ó ri sínú kòtò.

Ó sáré, ó rìn, ó tún sáré. Bàbá wà níta, lórí àga. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ dàńṣíkí funfun. Òógùn bò ó lójú, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín.

“Mo wí fún wọn,” ó ní. “Fàtáì àbúrò rẹ fẹ́ kó mi sẹ́yìn pákó. Ọkọ̀ dà?”

Sàníù dọ̀bálẹ̀, kò lè gbójú sókè. “Ó wà lọ́nà, Bàbá.”

“Ẹ gbé mi lọ bá a nígbà náà.”

Kò rí ẹnu sọ òtítọ́. Òun, Fàtáì àti ọkùnrin méjì gbé Bàbá tàgatàga. Èrò Sàníù ni pé àwọn á kàn máa gbé e lọ títí dé ojú títì, níbi tí àwọn á ti rí ọkọ̀ mìíràn. Bàbá ń kérora ní gbogbo gegele. Nígbà tí wọ́n débi ọkọ̀, oòrùn ti ń wọ̀. Fàtáì wo wíìlì, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú Bàbá ti ń ṣú, kò rí wíìlì.

“Ẹ gbé mi sínú rẹ̀.”

Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn. Sàníù jókòó sídìí sítíárìn.

“Ó yá, máa wà á.”

Ó tan ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì dún, ọkọ̀ ń gbọ̀n.

“Ṣé a ti ń lọ?”

“A ti ń lọ, Bàbá.”

“Mo sọ fún wọn,” Bàbá ní. “Kì í dúró.”

Kò sọ òmíràn mọ́. Fàtáì ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó pa ojú Bàbá dé, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun pa ọkọ̀. Sàníù ò pa á.