Ibà Ni Wọ́n Kọ Sí I

Ọdún mẹ́rìnlá ni Akọ̀wé ti fi ń kọ orúkọ òkú sínú ìwé ìjọba, kò sì sí ọjọ́ kan tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bébà tí wọ́n bá ti kọ ojú kan rẹ̀, ó ń lo ojú kejì. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó tàkúrọ̀sọ ní ọ́fíìsì rẹ̀, á ní kí onítọ̀hún lọ fi ẹnu yẹn jẹun nílé.

Ibì kan ṣoṣo ni ọkàn rẹ̀ ti rọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti bà á jẹ́. Bí ènìyàn bá kú, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn á kọ ohun tó pa á sórí pélébé ìwé kan, ẹbí á gbé e wá, Akọ̀wé á sì dà á kọ sínú ìwé ńlá. Bí pélébé náà bá ti wí pé àrùn éèdì ni, ẹni tó gbé e wá kì í lè gbójú sókè. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò wá láṣìírí." Akọ̀wé á wo ojú rẹ̀, á sì kọ "ibà." Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é fún. Ẹni tó ti bo ará ilé, báwo ni yóò ṣe tú ará ìta fó? Ṣùgbọ́n kì í da ìwé nù, nítorí náà ó ń kó àwọn pélébé náà jọ sínú àpótí.

Ní ọjọ́ Ajé kan, nọ́ọ̀sì já wọlé, kò kí i dáadáa. Ó ní lẹ́tà ti dé láti olú-iṣẹ́. Wọ́n ní iye tí éèdì ń pa ní agbègbè yìí ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, títí ó fi ku ẹni méjì péré lọ́dún tó kọjá. Nítorí náà wọn yóò ti yàrá tí wọ́n ti ń fúnni ní oògùn éèdì ní ilé ìwòsàn pa ní ìparí oṣù. Ẹni tó bá ń gba oògùn níbẹ̀ yóò máa lọ sí ìlú ńlá, ìrìn ọjọ́ kan gbáko.

"Ìwé ta ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀?" Akọ̀wé bèèrè.

"Ìwé yín ni, mà."

Àbúrò Akọ̀wé, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, wà lára àwọn tó ń gba oògùn. Oògùn náà ló gbé e dìde lórí ẹní.

Akọ̀wé ti ilẹ̀kùn, ó da àpótí náà sílẹ̀, ó kà á. Igba lé méjìlá. Ó kọ ọjọ́ orí wọn sórí bébà: mẹ́tàlélógún, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méjìdínlógójì. Àwọn arúgbó inú wọn kò tó mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni ohun tó ti ń rí láràárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e: kíláàsì mẹ́ta tí wọ́n tì pa nílé ìwé nítorí pé kò sí tíṣà, ìyá arúgbó tó pọn ọmọ-ọmọ kan sẹ́yìn tó tún fa òmíràn lọ́wọ́, tábìlì iṣẹ́ mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ pé méjì péré ló lẹ́ni nídìí. Ìlú ku arúgbó, ó ku ọmọdé. Àwọn tó yẹ kó gbé arúgbó kí wọ́n sì bọ́ ọmọdé wà nínú àpótí rẹ̀, wọ́n ń jẹ́ ibà.

Ọ̀gá láti olú-iṣẹ́ tó mú lẹ́tà náà wá ṣì wà ní ilé ìwòsàn. Akọ̀wé kó àwọn pélébé náà lọ bá a. Ọ̀gá wò wọ́n, ó wo ìwé ńlá, ó bèèrè ẹni tó kọ ibà.

"Èmi ni."

Ó ní kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀. Ìyẹn kò ya Akọ̀wé lẹ́nu. Èyí tó dùn ún ni pé ọ̀gá náà sọ pé olú-iṣẹ́ kò ní gba àwọn pélébé náà gbọ́, nítorí ẹni tó bá ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan lè tún purọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àfi tí ọgbọ̀n ẹbí bá fọwọ́ síwèé pé éèdì ló pa ẹni wọn, kí oṣù tó parí. Bí wọ́n bá pé ọgbọ̀n, wọn kò ní ti yàrá náà pa.

Ó bá àbúrò rẹ̀ nídìí pákó, ó rò fún un. Akọ̀wé mọ̀ pé ibà ni àbúrò òun náà sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé ó pa ìyá rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ́rìn-ín tí kò dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í fi bébà ṣòfò, ẹ wá fi igba èèyàn ṣòfò."

Gbẹ́nàgbẹ́nà padà sídìí pákó. Ó fá pákó náà títí ó fi tín-ín-rín ju ohun tí oníbàárà fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́, ó fọwọ́ síwèé, ó ní òun yóò sọ fún ọmọ òun kí ó tó gbọ́ níta.

"Ó ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ni ó wí. "Ẹ má jókòó síbí."

Ilé kejì ni ti ìyá arúgbó kan tí ọmọ rẹ̀, awakọ̀, wà lára àwọn tí Akọ̀wé kọ ibà sí. Ẹ̀gbọ́n awakọ̀ náà ló gbé pélébé wá, tó bẹ Akọ̀wé nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n yẹn náà ti kú. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú fèrèsé, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wà ní ilé ìdáná pàápàá. Akọ̀wé kò tí ì rí gọ́tà tó mọ́ tó ti iwájú ilé náà rí. Lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì kan, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ tí awakọ̀ náà fi sílẹ̀ sùn ní ọ̀sán gangan.

Akọ̀wé sọ gbogbo rẹ̀, kò fi kan kún un, kò yọ kan kúrò. Ìyá arúgbó nawọ́ sí gọ́tà iwájú ilé.

"Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń gbá gọ́tà yìí," ni ó wí. "Wọ́n ní ibà ni. Mo ní ẹ̀fọn inú gọ́tà mi ló pa á, pé ọ̀lẹ mi ló pa ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Ìyàwó rẹ̀ tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Àìsàn kan náà ni, mà."

Ìyá arúgbó yí ojú sí ọmọ abẹ́ nẹ́ẹ̀tì, tí ara rẹ̀ kò fìgbà kan le láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Èyí ńkọ́?"

Akọ̀wé na bírò sí i, ó ní kí ó fọwọ́ síwèé, kí àwọn sì gbé ọmọ náà lọ fún àyẹ̀wò. Ìyá arúgbó kò gba bírò. Ó ká nẹ́ẹ̀tì sókè, ó gbé ọmọ náà pọ̀n pẹ̀lú oorun lójú rẹ̀, ó fi ọ̀já gbá a mọ́ra.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìkan kò tó mi mọ́," ni ó wí. "Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ ọ́ lójú mi, màá tẹ̀ka sí i níbẹ̀. Máa lọ níwájú."