Wákàtí Kan Láìsí Àtùpà

"Mo ní mo tàn án, Kingsley! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣáná sí i kí n tó jẹun alẹ́."

Màmá Beauty na ọwọ́ náà síwájú bí ẹni pé ìṣáná ṣì wà níbẹ̀. Kingsley, apẹja tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ fọ́ lóru àná, kò wo ọwọ́ kankan. Ṣòkòtò rẹ̀ ṣì tutù.

"Màmá, ẹ má bínú, a ò rí iná. Ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe ségesège la fi tètè yí padà. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ la dé ẹnu odò, òkùnkùn biribiri. Orí àwọn òpó la gùn. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la lúwẹ̀ẹ́ wálé. Omi ti gbé àwọ̀n lọ."

Kò sí ará Abereke tí kò mọ àwọn òpó yẹn. Òpó ilé ènìyàn ni wọ́n kí òkun tó gbé ilé mì. Àtùpà tí Màmá Beauty máa ń fi kọ́ sórí igi lẹ́yìn ilé ló ń sọ fún ọlọ́kọ̀ ibi tí yóò yà sí. Olóṣèlú kan gbé iná sólà wá nígbà ìbò. Ìbò parí, iná náà parí. Àtùpà màmá kò kú rí láti ọdún méjìlélógún.

Balqees dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ni, láti Ìwó ni wọ́n ti gbé e wá, ọdún kejì rẹ̀ nìyí nílé màmá. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Òun ló yí òwú àtùpà náà wálẹ̀.

Kò ní í lọ́kàn láti pa ẹnikẹ́ni lára. Láti oṣù kọkànlá ló ti ń fi kámẹ́rà rẹ̀ lé ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kékeré kan tó ń yọ lápá gúúsù, lókè òkun gan-an, tó rí jákujàku bí òwú tí ọmọdé fà ya. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rin ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ọdún kó tó dé Abereke, àtùpà màmá sì ń ba gbogbo àwòrán jẹ́. Lánàá, òṣùpá kò sí, ọyẹ́ kò bo ojú ọ̀run, màmá sì ti sùn. Àwọn apẹja kì í wọlé kí àkùkọ tó kọ, ohun tí gbogbo ènìyàn sọ fún un nìyẹn. Ó yí òwú náà wálẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ó ya ọgọ́rùn-ún àwòrán ó lé díẹ̀, ó sì yí i sókè padà ní mọ́kànlá. Àwòrán náà dára. Kò tíì ya èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Màmá," Beauty, tó wá ṣọdún láti Òkìtìpupa, rọra sọ ọ́, "ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹlòmíràn á máa tan àtùpà."

Màmá wo ọwọ́ tó fi ṣáná. Ó jókòó sórí pákó.

"Bóyá n kò tàn án," ó ní. "Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá mi. Á ní òun ti sebẹ̀, ìkòkò á sì ṣófo. Nígbà tó fi máa kú, kò mọ orúkọ mi mọ́." Ó wo Beauty. "Ẹ̀rù ń bà mí."

Ojú ti Balqees gidigidi. Àlejò ni. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ju kámẹ́rà sókun, wọ́n sì lè ju òun náà tẹ̀ lé e. Bó bá dákẹ́, obìnrin yìí yóò máa fura sí orí ara rẹ̀ títí yóò fi kú.

"Màmá, ẹ tàn án."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Èmi ni mo yí i wálẹ̀, láti aago mẹ́wàá di mọ́kànlá. Mo ń ya àwòrán ìràwọ̀. Mo rò pé ọkọ̀ kankan kò ní í wọlé nígbà yẹn."

"Ìràwọ̀?" Kingsley ní. "Tíṣà, nítorí ìràwọ̀?"

Balqees kọjú sí màmá.

"Mo tàn án?" màmá bi í.

"Ẹ tàn án, mà. Ó ń jó dáadáa."

"Mo tàn án!" Màmá dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Beauty, ṣé o gbọ́? Orí mi pé! Orí mi pé pérépéré!" Ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń mì ín. Nígbà tó yá ni ojú rẹ̀ kan ṣòkòtò Kingsley, ẹ̀rín náà sì tán.

"Ọma mi," ó sọ fún Balqees, "o ṣeun tó o sọ ọ́. Ẹlòmíràn kò ní í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wá yàrá síbòmíràn. N kò ní í lè sùn mọ́ nílé tí ìwọ àti àtùpà mi bá jọ wà."

Balqees kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó sì wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.