Táǹkì Tí Kì Í Dín

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ilé ìwòsàn dá ogójì aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì padà fún Màmá Alágbàfọ̀, pẹ̀lú ìwé péńpé kan láti ọwọ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ní àwọn aláìsàn ń ráhùn pé bẹ́ẹ̀dì àwọn ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ráhùn nínú wọn, awakọ̀ àjàgbé kan tó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá òun dúró sílé ìwòsàn, òun ò tíì sùn gbádùn tó bẹ́ẹ̀. Ìwé náà parí sí pé bí aṣọ bá tún rùn ní ọjọ́ Ẹtì, alágbàfọ̀ mìíràn ni yóò máa fọ̀ ọ́.

Màmá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ránṣẹ́ pe ọkọ ọmọ rẹ̀. Ọ̀ràn ti dójú ẹ̀ nìyẹn, nítorí láti ọdún mẹ́fà tí ọkùnrin yìí ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, Màmá kò fìgbà kan kà á sí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ayẹlẹ̀wò ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lu ihò sílẹ̀, kó fa erùpẹ̀ jáde, kó wò ó, kó gbóòórùn rẹ̀, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó sì dí ihò náà padà. Màmá máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òkété ló fẹ́ ọmọ òun, pé òkété gidi tiẹ̀ sàn jù ú lọ, torí òkété kì í gbẹ́ ihò kó tún máa dí i.

"Ọkọ ọmọ mi," ló wí nígbà tó dé, "wá gbóòórùn kànga mi."

Ayẹlẹ̀wò fa omi, ó da díẹ̀ sínú abọ́ funfun, ó sì gbé e sójú oòrùn. Àwọ̀ òṣùmàrè ń rìn kiri lójú omi náà.

"Bẹntiróòlù ni, mà."

"Mo mọ̀. Imú mi ò tíì kú. Ibi tó ti ń wá ni mo tìtorí ẹ̀ pè ẹ́."

Ilé epo kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín òun àti àgbàlá Màmá. Ọmọ tó ń rákò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n ayẹlẹ̀wò kì í fi ẹnu lásán dá ilẹ̀ lẹ́jọ́. Ó gbé irin ìlulẹ̀ rẹ̀ jáde, èyí tí ẹnu rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí i wọlẹ̀ láti ẹ̀bá kànga lọ sí ìdí ògiri. Ní ẹ̀bá kànga, erùpẹ̀ náà rùn díẹ̀. Lábẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó rùn jùyẹn lọ. Nígbà tó fi máa dé ìdí ògiri, ó ń ta wọ́n lójú. Ó dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màmá wò ó, kò dárúkọ òkété.

Baba Elépo, tó ni ilé epo náà, kò bínú nígbà tí ayẹlẹ̀wò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, táǹkì tó bá ń jò, ṣé kì í dín ni?"

"Ó yẹ kó dín, sà."

"Tèmi kì í dín." Ó ṣí ìwé kan tó ti gbó létí. Láràárọ̀ ló ń ki ọ̀pá bọ inú táǹkì tó rì sábẹ́ ilẹ̀ náà, tó sì ń kọ ibi tí ó tutù dé. "Kódà, bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ṣe ló máa ń lé. Mi ò kì í sọ fún èèyàn. O mọ ayé."

"Ó ń lé kẹ̀?"

"Ìbùkún ni. Táǹkì àwọn ẹlòmíì ń gbẹ, tèmi ń sun."

Ohùn kan dá sí i láti òkè ògiri. Màmá ti dojú ọpọ́n ìfọṣọ délẹ̀, ó gùn ún, orí rẹ̀ nìkan ló hàn. "Bi í kí ló dé tí mọ́tò tó bá ra epo ìbùkún yẹn fi ń wúkọ́ títí dé ìkóríta."

"Ìyá Alágbàfọ̀, ọ̀nà ni ò dáa."

Inú ayẹlẹ̀wò ti ń dùn, bó tilẹ̀ ń fi pamọ́. Ó tọrọ ọ̀pá náà. Ó mú ìpara kan jáde nínú àpò rẹ̀, irú èyí tó máa ń pupa bí omi bá kàn án ṣùgbọ́n tí epo kò lè pa láwọ̀ dà, ó fi ra ìdí ọ̀pá, ó sì rọra kì í bọ inú táǹkì. Nígbà tó fà á jáde, ọ̀pá náà tutù dé ibi tí ìwé wí gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìdí rẹ̀ sókè, ní ìwọ̀n gígùn ọwọ́ kan, ó pupa bí ojú ọ̀mùtí.

"Omi nìyẹn, sà. Ihò kan wà lára táǹkì yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú ilẹ̀ á lọ sílẹ̀, epo yín á máa yọ́ jáde. Bí òjò bá rọ̀, omi ilẹ̀ á gbéra sókè, á wọlé. Epo fúyẹ́, omi wúwo, ìsàlẹ̀ ni omi á jókòó sí. Ọ̀pá yín ò mọ epo yàtọ̀ sómi. Ohun tó bá ṣáà ti tutù ló ń kà."

Baba Elépo wo ọ̀pá náà títí.

"Omi ta ni?"

"Omi ilẹ̀ ni, sà."

"Kànga ta ló wà nítòsí mi?" Ó yíjú sí ògiri. "Ìyá Alágbàfọ̀, omi yín ló ń wọlé sí mi lára láìkan ilẹ̀kùn."

"Ẹ dá a padà fún mi," ni Màmá wí. "Ẹ kọ́kọ́ yọ epo yín kúrò nínú ẹ̀."

"Ohun tí mo ti ń dúpẹ́ lé lórí láti èṣí nìyí."

"Òun náà ni wọ́n ń sùn lé ní ilé ìwòsàn."

Ayẹlẹ̀wò dojú kọ ẹ̀rọ epo kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ohun tó kù láti sọ kò pani lẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti ilé epo, kí wọ́n fa táǹkì gbẹ, kí wọ́n hú u, kí wọ́n sì kó erùpẹ̀ tó ti bàjẹ́ dànù. Lẹ́yìn náà, ó lè tó ọdún méjì kí kànga Màmá tó mọ́.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọpọ́n. Ohùn rẹ̀ jáde lẹ́yìn ògiri. "Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún mi. Níbo ni omi tó mọ́ wà, ọkọ ọmọ mi?"

Ṣáájú ọ̀sẹ̀ yìí, kò bi í ní ìbéèrè iṣẹ́ rí. Ayẹlẹ̀wò mú okùn tó so irin mọ́ nídìí, ó mú rọ́bà gígùn tí omi kún inú rẹ̀, irú èyí tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ilé tẹ́jú, ó sì ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wọn bí omi kànga kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó. Omi abẹ́ ilẹ̀ náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ bíi tòkè, ó kàn jẹ́ pé kì í kánjú ni. Kànga tí omi rẹ̀ bá ga jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni omi ti ń wá, epo kò lè gun òkè lọ bá a.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá èyí tó ga jù, lẹ́yìn géètì aláwọ̀ ewé kan lókè àdúgbò. Ó kan ilẹ̀kùn. Baba Elépo ló ṣí i, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀.

"Ìwọ náà tún ni. Kí ló tún ń jò?"

"Kò sí nǹkan kan tó ń jò, sà. Kànga yín ló mọ́ jù ládùúgbò."

Inú Baba Elépo dùn fún bí ìṣẹ́jú kan, kó tó rí Màmá lẹ́yìn ayẹlẹ̀wò pẹ̀lú ọpọ́n mẹ́rin.

Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ogójì aṣọ ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn láti ẹnu géètì títí dé ojú fèrèsé yàrá Baba Elépo. Ní ọjọ́ Ẹtì, olórí nọ́ọ̀sì fi imú kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì gbà wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, ó kó àádọ́ta mìíràn ránṣẹ́.

Nígbà tí ilé epo ti wà ní títì, Baba Elépo kò ríṣẹ́ ṣe. Ó ń wá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kiri láàárín aṣọ tútù, ó gbé bàtà sọ́wọ́ kó má baà fi ẹrẹ̀ yí nǹkan. Màmá, tó jókòó sórí àga rẹ̀ tó ń gbatẹ́gùn, na agbọ̀n ẹ̀mú tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn sí i.

"Ẹ gbà, ẹ bá mi fi há àwọn aṣọ orí okùn ẹ̀yìn yẹn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o, kì í ṣe méjì."

"Nínú ilé mi, Ìyá Alágbàfọ̀?"

"Ẹ bi ọkọ ọmọ mi," ni Màmá wí. "Òun ló mọ ilẹ̀."