Ìbọn Tí Kì Í Gba Ẹ̀tù

Bámgbóṣé ti ọ̀pá irin tín-ín-rín bọ ẹnu ìbọn sójà náà títí ó fi kanlẹ̀. Ó fi èékánná sàmì sára ọ̀pá, ó fà á yọ, ó sì gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti fi wọ̀n ọ́n. Bí ọdẹ ti í mọ̀ nìyẹn: bí ẹ̀tù bá wà nísàlẹ̀, ọ̀pá kì í wọlé tán. Lójú tirẹ̀, èyí wọlé tán. Ó tún yẹ ìdí rẹ̀ wò, kò rí ihò tí iná lè gbà wọnú.

"Òfìfo ni," ó wí. "Igi lásán."

Josiah, àkọ́bí rẹ̀, ni ìjọba gbé ìbọn náà fún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn ọkọ̀ ológun tó ń lọ sí Kàdúná kúrò ní Ọ̀yọ́. Táyà ọ̀kan bẹ́ ní Ọjà Igbó, ọ̀gá wọn sì yọ̀ǹda fún Josiah kí ó sáré wá kí àwọn òbí rẹ̀. Òfin sójà ni pé ìbọn kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí a gbé e fún. Ṣùgbọ́n Martha, ìyá rẹ̀, ń pè é láti ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé pé iyán ti ń tutù. Josiah wo baba rẹ̀, ọdẹ tó ti ń yìnbọn kí a tó bí òun. Ọwọ́ ta ni ì bá tún fi í sí?

"Baba, ẹ bá mi mójú tó o. Ẹ má yìn ín o."

"Ṣé o ti rọ ẹ̀tù sí i ni?"

"Èyí kì í gba ẹ̀tù, Baba."

"Kí ni ẹ wá fi ń yìn ín, àdúrà?"

Josiah rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sẹ́yìnkùlé.

Ọ̀yọ́ ni Olúyẹmí àbúrò rẹ̀ ń lọ ní tirẹ̀. Wọ́n ń gba sójà tuntun níbẹ̀, ó sì pẹ́ tó ti ń bẹ baba wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí Josiah pàápàá ti gbọ́ sí i, kí ó tó yọ̀ǹda fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ó ti gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Baba. Ọ̀yà nìkan lẹ mọ̀ ọ́n yìn."

"Ọ̀yà yẹn lo jẹ dàgbà, aláìmoore."

"Ó dáa, ẹkùn rèé!" Olúyẹmí ká ìka rẹ̀ bí èékánná ẹranko. "Ẹ yìn ín ká wò ó!"

Bámgbóṣé gbé ìbọn léjìká. Irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi àtàǹpàkò tì í síwájú. Ó di ojú kan, ó fa ohun ìyìnbọn.

Ìbọn ọdẹ a kọ́kọ́ ṣáná, a mí díẹ̀, kí ó tó dún. Ẹran a ráyè gbọn etí. Èyí kò mí. Ìdí rẹ̀ gbá a léjìká, ó ta sẹ́yìn. Nígbà tí yóò lajú, Olúyẹmí ti wà nílẹ̀.

Ó fẹ́ pe orúkọ ọmọ náà. Kò rántí rẹ̀. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́!

Olúyẹmí gbé orí sókè, ó fọwọ́ di etí ọ̀tún. "Baba?" Ó ń pariwo bí adití. "Baba, kí lẹ ṣe?"

Láti agbo ilé kejì, Àtinúkẹ́ aládùúgbò ké sí wọn: "Baba Josiah! Ṣé kò sí o?"

Ẹnu tí kò lè pe ọmọ ló dáhùn. "Kò sí. Mò ń dán ìbọn wò ni."

"Ẹ máa lọ dán an wò lóko! Adìẹ mi ń sàba!"

Ihò kan wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí etí ọ̀tún Olúyẹmí wà tẹ́lẹ̀. Bámgbóṣé fi ìka kàn án, ó rí ìmọ́lẹ̀ ìta. Lẹ́yìn ògiri, ihò wà lára igi ọsàn pẹ̀lú, ó yọ sí òdìkejì. Ìbọn tirẹ̀ kò tíì ṣe ju kí ó bó ògiri lára lọ.

Josiah sáré wọlé. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó gba ìbọn, ó fa irin ẹ̀yìn rẹ̀, kòròfo ọta kan ta jáde, ó sì ṣà á nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ wá orí àti ọrùn àbúrò rẹ̀ fún ọgbẹ́. Kò sí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

"Ìdí la ti ń kó tiwa, kì í ṣe ẹnu," ó wí. "Ẹ̀tù àti ọta ti wà pọ̀ nínú idẹ yìí. Èmi ni mo jẹ̀bi, Baba. Wọn á tì mí mọ́lé nítorí ọta tó dín yìí."

"Bí ó bá bà á ńkọ́?"

"Kò ní mọ̀." Josiah ń ti kòròfo náà bọ àpò. "Àwọn tó bá bà kì í mọ̀. Wọn a kàn jókòó wọ́ọ́, bí ẹni tó rẹ̀."

Nígbà tí Josiah ti ogun Bọ́mà dé, ó ní ẹrù ni òun ń rù níbẹ̀, pé òun kò yìnbọn sí ẹnikẹ́ni. Martha dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi pé ọwọ́ ọmọ òun mọ́. Bámgbóṣé ní tirẹ̀ kò dúpẹ́. Ojú tì í díẹ̀ láàárín àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó wá ojú ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ọmọ náà ń wò.

Fèrè ọkọ̀ ológun dún láti Ọjà Igbó.

"Ẹ rí agbára rẹ̀ bí!" Olúyẹmí ti dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí ẹrù rẹ̀ tó já sílẹ̀. Bámgbóṣé ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó jókòó lé e.

"Baba, ọkọ̀ èrò Ọ̀yọ́ náà á lọ o."

"Kí ó máa lọ."

"Ẹ ti gbà láàárọ̀!"

"Mo gbà." Kò mira.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀!"

Josiah gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká. Nígbà tó dé, sàlúù ni ó fi kí baba rẹ̀. Nísinsìnyí, tòun ti kákí tí ó lọ̀ dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó gbé ẹnu sún mọ́ ẹsẹ̀ arúgbó náà.

"Ẹ ṣeun, Baba," ó wí jẹ́jẹ́.

Ìgbà náà ló yé Bámgbóṣé pé kì í ṣe iyán ni ọmọ náà sáré wá jẹ; ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ló gbé e wá.

Olúyẹmí dẹ etí òsì sí wọn. Èyí ọ̀tún ṣì ń hó. "Kí ni wọ́n ní, Baba?"

Bámgbóṣé tún ìdí fi mọ́ ẹrù náà.

"Ó ní ó dàbọ̀."