Ìwé Tí Dorcas Gbé Wá Nítorí Àánú

Bàtà tuntun àti ṣúgà ni Dorcas kó wá láti Adó sí Ayétòrò lọ́jọ́ náà. Oyèníkẹ́ kò fọwọ́ kan ọ̀kankan.

"Màmá, ṣé ọmọ àbúrò yín kọ́ ni mí ni? Mo kàn fẹ́ gba Àánú tọ́ ni. Ibi tí ẹ ó tẹ̀ka sí nínú ìwé yìí nìyí," ni Dorcas wí.

Ọmọ ọmọ Oyèníkẹ́ ni Àánú, ọmọ ọdún méje. Òun nìkan ni ọmọ Oyèníkẹ́ obìnrin fi sílẹ̀ nígbà tó kú; bàbá ọmọ náà ti ṣáájú lọ. Gbígba ọmọ tọ́ kò ṣàjèjì. Ẹ̀fọ̀n, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni Oyèníkẹ́ fúnra rẹ̀ dàgbà sí, tó sì ń wálé lọ́dọọdún jẹ iṣu tuntun. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ka sí nǹkan kan nígbà náà. Kí ló dé tí ti èyí fi gba ìwé, ìwé Gẹ̀ẹ́sì pàápàá? Kí ló dé tí Dorcas fi ń wo aago?

"Jẹ́ kí n fi han Ọlọ́run ná," ló wí. Ó mú ìwé náà, ó gba ẹ̀yìnkùlé yọ sí ọ̀dọ̀ Nathaniel, tísà tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ọlọ́run ni mo ní mo fẹ́ fi hàn o, Tísà."

"Ẹ gbà pé mo sún mọ́ ọn. Kí ni ẹni tó gbé ìwé yìí wá ní òun fẹ́ ṣe?"

"Ó ní òun fẹ́ gba ọmọ tọ́."

Nathaniel kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ọ̀rọ̀ méjì ni òyìnbó ní fún ìyẹn, Ìyá. Ká ní 'foster' ló kọ, ẹ kàn fún un tọ́ ni. Tiyín ṣì ni, yóò máa wálé. 'Adopt' ló wà níbí. Ó di ẹni tó bí i nìyẹn. Orúkọ bàbá rẹ̀ yóò kúrò, ẹ kò sì ní lẹ́nu lórí rẹ̀ mọ́."

"Bóyá òun náà kò mọ ìyàtọ̀."

"Ẹ dán an wò."

Nígbà tó padà délé, bàtà tuntun ti wà lẹ́sẹ̀ Àánú. Oyèníkẹ́ na bírò sí Dorcas.

"Bíbélì Yorùbá nìkan ni mo lè kà, ọmọ mi. Bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀ ní Yorùbá pé orúkọ bàbá rẹ̀ ni Àánú yóò máa jẹ́, àti pé yóò máa wálé jẹ iṣu tuntun. Màá tẹ̀ka."

Dorcas kọ 'Èmi, Dorcas'. Bírò dúró.

"Ọdún mọ́kànlá, Màmá," ló wí jẹ́ẹ́. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá ọmọ."

"Mo mọ̀. Kò sí àárọ̀ tí n kì í dárúkọ rẹ nínú àdúrà." Oyèníkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Àánú, ó tú okùn bàtà náà. "Bọ́ ọ sílẹ̀, Àwẹ̀ró mi, ìpẹ̀ tí Olúwa fi ṣìpẹ̀ fún mi."

Ó ká ìwé náà, ó fi lé Dorcas lọ́wọ́.

"Ọjọ́ tí o bá lè kọ ìyókù, máa bọ̀. A ò ní kúrò nílé."