Kóró Ọsàn Tí Wọ́n Fi Sọ́wọ́ Aránṣọ

Ọwọ́ Aránṣọ kì í gbélẹ̀. Obìnrin náà kò kàn lè fi nǹkan sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ni. Bó bá gbé ìkòkò kaná, á ṣí i. Bó bá dé e, á tún ṣí i. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí kò fi ilẹ̀kùn sí ikùn. Ìwọ ì bá ti máa ṣí i wo ọmọ kí oṣù ẹ̀ tó pé." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Nígbà tí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọgbà ẹgbẹ́ aláàánú kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀: bí a ṣe ń tọ́jú ilẹ̀, bí a ṣe ń sọ igi kan di púpọ̀, àti bí a ò ṣe ní jẹ́ kí irúgbìn tí kò wọ́pọ̀ mọ́ parun. Kò pẹ́ tó fi di ààyò olùkọ́ wọn. "Ẹ wo ọwọ́ Aránṣọ," ni olùkọ́ náà máa ń wí fún gbogbo kíláàsì, "ẹ wo bó ṣe ń rọra tú gbòǹgbò." Orí Aránṣọ á wú.

Bẹ́ẹ̀ ni opó àgbàlagbà kan ṣe wọ inú ọgbà lọ́jọ́ kan, tó di kóró ọsàn mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ọsàn tí ọkọ rẹ̀ gbìn síwájú ilé kó tó kú ni. Wọ́n fẹ́ fẹ títì, wọ́n sì ti gé igi náà, kò sì sẹ́ni tó tún ní irú ẹ̀ ládùúgbò. Èso tó kẹ́yìn ni màmá jẹ, tó tọ́jú kóró inú rẹ̀. Olùkọ́ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Aránṣọ ló kó o fún.

"Gbìn ín, bomi rin ín, kó o sì fi í sílẹ̀," ló wí.

Fi í sílẹ̀ kẹ̀! Ta ló ń bá wí? Kò tó ọjọ́ mélòó kan tí Aránṣọ ti fi ìka wa ilẹ̀ inú ike tó gbìn ín sí wò. Kò rí nǹkan kan, ó bò ó padà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún wà á. Ó ń tan ara rẹ̀ pé bóyá omi ni kò tó, òun kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ń hú, ó ń rì, títí púpọ̀ nínú kóró náà fi gbẹ, tí ìyókù sì jẹrà. Ọ̀kan ṣoṣo ló hù, tó yọ gbòǹgbò funfun tín-ín-rín. Inú Aránṣọ dùn débi pé ó gbé e sókè sínú oòrùn kó lè rí i dáadáa, bí gbòǹgbò náà ṣe kán sí i lọ́wọ́ nìyẹn.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó yẹ kó lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹnu wo ló máa fi sọ ọ́? Ọwọ́ tí wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún ará yòókù. Ìtìjú yìí náà ló lé e dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta igi kéékèèké inú ọ̀rá lẹ́bàá títì. Ọsàn ti tán lọ́wọ́ onítọ̀hún, ọsàn wẹ́wẹ́ ló kù. Lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀, ewé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó ra èyí tó kéré jù, ó lọ gbìn ín sínú ike tó ti gbin kóró sí, ó sì panu mọ́.

Olùkọ́ rí i, inú rẹ̀ dùn, ó ránṣẹ́ pe màmá. Aṣọ tó dára jù lọ́wọ́ màmá ló wọ̀ wá. Ó dì mọ́ Aránṣọ lójú gbogbo kíláàsì.

"Ọmọ mi, o ṣeun gan-an. Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ dè é lẹ́yìnkùlé."

Aránṣọ ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kó wọlé sí i. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́ igi náà lórí tábìlì, ó já ewé kan, ó fi ìka fọ́ ọ, ó gbé e sí imú. Ó tún gbé e sí imú. Ẹni tó ti ń gbá ewé ọsàn yẹn láti ìgbà tó ti wà níyàwó, ta ló fẹ́ tàn án jẹ? Aránṣọ rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

"Ṣé òun náà ni, mà?" olùkọ́ bi í.

Màmá wo olùkọ́, ó wo àwọn tó dúró yí tábìlì ká, ó wá wo Aránṣọ tí kò lè gbójú sókè.

"Òun ni," ó ní. "Ọsàn bàbá yín ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ ní kí Aránṣọ bá màmá gbé e dé ẹnu géètì. Ì bá sàn fún un kí màmá fọ́ ọ létí níwájú gbogbo wọn. Ó ń gbé ike náà lọ, ojú ń tì í débi pé omijé ń bọ́ sórí ewé.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, màmá nawọ́ gba igi náà. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Ọmọ mi, èyí tí mo fẹ́ lọ gbìn yìí, kí lorúkọ ẹ̀? Kí n lè mọ bí mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀."

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni, mà," ni Aránṣọ wí.

Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé igi náà mọ́ra, ó sì lọ.