Omi Tó Gbẹ Lórí Gíláàsì

"Fọláyẹmí, ìdọ̀tí nìyí!" Ọ̀jọ̀gbọ́n Adékọ́lá gbé gíláàsì náà síwájú fèrèsé. "Ṣé o ò fọwọ́ ni?"

"Mo fọ̀ ọ́, sà. Mo tún wọ ìbọ̀wọ́."

"Kí wá ni gbogbo rìbìtì-rìbìtì yìí? Ọ̀la làwọn àlejò wa ń bọ̀ o!"

Ó jáde. Fọláyẹmí dúró, ó ń wo gíláàsì. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó ń ṣe ní yunifásítì kan ní Ugbowo kò ju èyí lọ: kó fi ọ̀dà ike tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ bo gíláàsì sólà, kí òjò àti eruku má baà bà á jẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá tẹ́ àwọn àlejò ọ̀la lọ́rùn, wọn yóò gbà á sílé-iṣẹ́ wọn ní Ìbàdàn, níbi tí ọkọ rẹ̀ àti Tèmidire ọmọ wọn wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kán omi bá ti lè gbẹ lórí ọ̀dà yìí, àmì róbótó ló ń fi sílẹ̀.

Ó ti lo omi ẹ̀rọ, ó ti lo omi inú ọ̀rá. Ó tún ra omi bátìrì ọkọ̀, èyí tí kò ní iyọ̀ kankan nínú. Pàbó ló já sí. Ó nu àmì náà títí apá fi ń ro ó, ó sì ju aṣọ ìnuǹkan mọ́lẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jókòó, ẹ jẹun," Ìtùnú tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún un.

"Ìtùnú, omi lásán! Omi tó ti gbẹ, tó ti lọ! Kí ló kù tí mi ò lè nù?"

Inú bí i, ó fi èékánná ha àmì náà. Èékánná rẹ̀ kọ́ nǹkan. Ó tún un ha, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọ̀dà náà fúnra rẹ̀ ló wú sókè yíká ibi tí omi jókòó sí.

Ó wá rántí pé iná ti lọ nígbà tí gíláàsì yìí wà nínú ófùn tí wọ́n fi ń yan ọ̀dà kó lè le. Ó wá èyí tí iná ò lọ lórí rẹ̀ jáde, ó kán omi sórí méjèèjì, ó sì dúró tì wọ́n. Nígbà tí omi gbẹ, èyí tó jinná dáadáa ń dán. Èkejì ní àmì.

Ó sáré gbé wọn lọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Sà, ọ̀dà yìí ò tíì le. Etí omi ló ń fà á sókè. Bómi bá sì gbẹ tán, kì í padà sílẹ̀ mọ́."

Bàbá náà fi ìka kàn án wò. "Mélòó ló jinná?"

"Ẹyọ kan yìí náà ni, sà."

"Òun la máa fi hàn wọ́n. Kó ìyókù pamọ́."

"Tí wọ́n bá wá ní ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́, sà? Iná ò tíì dúró. Òjò á sì máa rọ̀ sórí ẹ̀."

"Ṣé iṣẹ́ lò ń wá, àbí wàhálà?"

Iṣẹ́ ló ń wá. Bó ṣe ń rìn lọ sílé ní Ekosodin nítòsí yunifásítì, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tèmi, ó jọ pé mi ò ní lè wálé lóṣù tó ń bọ̀ mọ́. Iṣẹ́ náà ò tíì pé, màá sì sọ fún wọn."

Babájídé ọkọ rẹ̀ ní, "Ọmọ yìí ti sọ fún gbogbo kíláàsì ẹ̀ pé màmá òun ń bọ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Láàárọ̀, kí àwọn àlejò tó dé, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá náà pòṣé, ó yíjú sógiri. Nígbà tí wọ́n wọlé tí wọ́n kíra tán, Fọláyẹmí gbé gíláàsì méjèèjì sórí tábìlì, ó sì kán omi sí wọn.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó," ó ní. "Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó gbẹ."

Àwọn àlejò wojú ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adékọ́lá ló kọ́kọ́ fa àga.